Bí a ṣe tún ilé bàbá wa mọ

Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Ayétòrò gùn bí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló mọ ọ́n kí wọ́n tó bí mi. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè, iwájú nìkan ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, kí àwọn tó ń kọjá lójú títì lè mọ̀ pé ilé oníṣòwò ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló la ilé náà já, yàrá márùn-ún wà lọ́tùn-ún, márùn-ún wà lósì. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú á máa rí kànga tó wà ní àgbàlá lẹ́yìn. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń sáré láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn dé ìkejì, bàbá mi á sì máa béèrè láti inú yàrá rẹ̀ pé ṣé ẹṣin ló wọlé ni.

Ìyàwó méjì ló fẹ́. Màmá mi ni ìyàwó kejì. Ìyálé rẹ̀, tí gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Màmá Àgbà, ló ni àwọn yàrá ẹ̀yìn tó kọjú sí àgbàlá. Àwa la wà níwájú, níbi tí pálọ̀ bàbá wa wà.

Bàbá wa ò tíì pé ọdún kan nínú sàréè tí ìjà fi wọlé. Ohun tó fà á kéré débi pé ojú máa ń tì mí láti sọ ọ́: ta ni yóò máa gba àlejò ní pálọ̀ bàbá? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi tó ń gbé l'Ékòó, ní iwájú ni ìyá òun ń gbé, pálọ̀ sì wà níwájú, kí ló kù? Ọmọkùnrin Màmá Àgbà, tó jẹ́ àkọ́bí bàbá wa, tí èmi ń pè ní Ẹ̀gbọ́n láìfi nǹkan mìíràn kún un, ní àkọ́bí kì í tọrọ àyè kó tó jókòó nílé bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà mọ́sáláṣí dá sí i, ọ̀rọ̀ náà ò tú. Ní ọjọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó mú bíríkìlà wá, ó ní kó mọ ògiri dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárín. Kò ju ọjọ́ kan lọ tí ògiri náà fi dókè.

Bí ilé kan ṣe di méjì nìyẹn. Àwa ní ẹnu ọ̀nà iwájú, àwọn ní kànga. Bí a bá fẹ́ pọn omi, a ní láti bọ́ sí títì, ká yípo ilé aládùúgbò, ká gba ẹ̀yìn wọlé, ká sì kí wọn bí ẹni ń kí àjèjì. Apá tiwa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan, torí ẹ̀yìn ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tẹ́lẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá la fi gbé e bẹ́ẹ̀. Mo lọ sílé ọkọ ní Ìlaròó láàárín rẹ̀, ọkọ mi sì ṣaláìsí. Mo wá padà sílé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, nígbà tí mo rí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní ọgbà yunifásítì tó wà ní ìlú wa. Ẹsẹ̀ ti ń dun màmá mi, ọ̀pá ló fi ń rìn.

Ní òjò ọdún kẹrìnlá yẹn, ọjọ́ Sátidé ni, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí láì dá. Mo ń ká aṣọ ní yàrá nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, gbì, bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wá láti ẹ̀yìn ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ìyàwó,” ohùn náà ní. “Ìyàwó, ilẹ̀kùn mi ò ṣí mọ́.”

Màmá Àgbà ni. Ọjọ́ tí wọ́n ti gbé màmá mi wọlé ló ti ń pè é ní Ìyàwó, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí kò ti pè é rárá. Màmá mi dìde láìmú ọ̀pá rẹ̀.

Ògiri ẹ̀yìn ló wó, ó sì dí ẹnu ọ̀nà àgbàlá pa. Ẹ̀gbọ́n ti lọ ta gàrí ní ọjà Ìgbógìlà, ìyàwó rẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ìyá arúgbó nìkan ló wà níbẹ̀, omi sì ti ń wọlé bá a. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Mo gbé ọmọ odó, mo ń gún ògiri náà. Aládùúgbò wa kan tó ń ṣe wẹ́dà gbọ́ ariwo, ó gbé dígà wá. Yẹ̀pẹ̀ pọ̀ ju sìmẹ́ńtì lọ nínú ògiri ìjà yẹn, kò pẹ́ tó fi lu. Láti inú ihò náà la ti fa Màmá Àgbà jáde, ẹrẹ̀ bo orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù bí omi kànga. A gbé e jókòó ní pálọ̀. Màmá mi bọ́ ìró tó tutù lára rẹ̀, ó ró tirẹ̀ fún un, ó ní kí n lọ se tíì.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé láti Ìgbógìlà, ẹ̀yìn ló gbà. Ó rí i pé yàrá ìyá òun ti di àlàpà, ó sì rò pé abẹ́ rẹ̀ ló wà. Ọwọ́ lásán ló fi ń wa ẹrẹ̀, ó ń sunkún, kí n tó lè sáré yípo lọ sọ fún un. Ó bá mi gba iwájú wọlé. Ó rí ìyá rẹ̀ tó ń mu tíì lórí àga tiwa, nínú ìró màmá mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tó yá ló dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi, ó ní, “Màmá, ẹ ṣé.” Màmá mi ní kó dìde, kó lọ pààrọ̀ aṣọ.

Yàrá màmá mi ni Màmá Àgbà ń sùn láti ọjọ́ náà. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú yàrá méjì tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn. Ihò inú ògiri náà sì ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́, torí ẹni tó bá ń kọjá á fi èjìká gbá díẹ̀ dà nù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Ẹ̀gbọ́n gbé ṣọ́bìrì, ó kó ìyókù rẹ̀ dà síta. Kò bi ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì bi í.

Ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó wá lẹ́yìn tí òjò dá. Ó mú ìwé ńlá kan dání tí ayàwòrán ilé yà fún un, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì pálọ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ká wó gbogbo ilé náà pátá, ká fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kọ́ fúláàtì sí i, apá kan fún ọmọ Màmá Àgbà, apá kan fún wa, kí géètì kálukú dá wà, kí fẹ́ǹsì sì wà láàárín. A ó fi yàrá tó bá ṣẹ́ kù háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ká lọ gba ilé gbé síta títí wọn yóò fi parí. Àwòrán náà dára, mi ò ní purọ́. Igi àgbọn wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Màmá Àgbà ní kí ó fi yàrá òun hàn òun. Ó fi hàn án. Màmá Àgbà béèrè pé ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní akẹ́kọ̀ọ́ ni. Màmá Àgbà ní, “Ìyàwó ńkọ́?” Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ́ka sí ìhà kejì ìwé náà, lẹ́yìn fẹ́ǹsì.

Ẹ̀gbọ́n, àkọ́bí bàbá wa, ní òun ò kọ̀ kí ilé yí padà, ṣùgbọ́n iwájú ilé ṣì dúró, ẹ̀yìn nìkan ló wó, kí ló dé tí a ó fi pa alààyè mọ́ òkú? Ó ní kí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ jókòó, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí wọ́n tún un kọ́, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi, ó ní kí n bá wọn sọ ọ́, èmi tí mo kàwé.

Òun ló rán mi nílé ẹ̀kọ́. Gbogbo ìwé tí mo kà, òun ló ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Àwa tí à ń gbé inú ẹ̀ la mọ ibi tó ń jò.”

Ó ní, “Ìwọ náà?” Ó ká ìwé rẹ̀, ó sì padà sí Èkó láìfọwọ́ kan oúnjẹ tí màmá wa sè. Ó dùn mí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Bí mo bá pè é lórí fóònù, ó máa ń béèrè àlàáfíà màmá, á sì pa fóònù.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa jókòó sí àgbàlá, kálukú ń sọ ohun tó fẹ́. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ ilé ìdáná tí èéfín ò ní fọ́ òun lójú, àti ilé ìgbẹ́ nínú ilé, torí òun ni òun máa ń mú Màmá Àgbà lọ sí ṣáláńgá nínú òjò. Ọmọbìnrin mi ní fèrèsé tó tóbi tó kí òun lè kàwé láìtan iná lọ́sàn-án. Màmá mi ní kí wọ́n má ṣe mú amọ̀ kúrò, ó ní ẹni tó bá ti sùn nínú ilé búlọ́ọ̀kù nínú ooru oṣù kejì ọdún mọ ohun tí òun ń wí. Èmi ní ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó ṣáà má tún wó.

Ẹ̀gbọ́n ló mọ bíríkìlà kan ní Ìlárá, ọkùnrin kúkúrú kan tó kọ́ṣẹ́ ní òdìkejì bọ́dà, tó máa ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ jù ni dúsímọ̀, ìyẹn ni pé ká rọra ṣe é. Ó rin gbogbo ilé wa ká, ó ń fi ìkúùkù kan ògiri bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, ó ń gbọ́ èsì rẹ̀. Ó ní amọ̀ wa ò ṣàìsàn. Omi tó ń dúró sí ìsàlẹ̀ ògiri ló jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, torí páànù wa kúrú, gbogbo òjò ló ń dà sí ìdí ilé. Ó wá tọ́ka sí iwájú tí a rò pé ó le jù. “Amọ̀ máa ń mí,” ó ní. “Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí i nímú.” Ó fi òòlù kan ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré, sìmẹ́ńtì náà sì já bọ́ bí èèpo. Amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ rin bí àkàrà tó bọ́ sómi.

Ó ní ká má ṣe kó àlàpà náà dà nù. Amọ̀ tí bàbá wa pò ló wà níbẹ̀, ó ṣì dára. A fọ́ ọ, a jọ̀ ọ́, a fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i, a sì ń fi ẹ̀rọ onírin kan tó gbé wá tẹ̀ ẹ́ ní búlọ́ọ̀kù. Ẹnì kan á bu amọ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹnì kan á rọ̀ mọ́ ọwọ́ irin gígùn rẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀, ẹnì kẹta á gbé búlọ́ọ̀kù náà jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo máa ń bọ́ bàtà, mo sì máa ń bá wọn pò ó. Àwọn tó ń kọjá ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ayé ń lọ síwájú, ilé tiwa ń padà sẹ́yìn.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò sì dára. Bíríkìlà lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní ká bo àwọn búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, ká máa wọ́n omi sí wọn. Ẹ̀gbọ́n ń kánjú, ó sá wọn sóòrùn kí wọ́n lè tètè gbẹ. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹrin, gbogbo wọn ti sán. Inú bí i gan-an, ó ní bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó ló mọ ohun tó ń sọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti àwọn búlọ́ọ̀kù tó sán, ó ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bu omi sí amọ̀ inú wọn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i bí okùn, ó ń wo bó ṣe ń já. Ní ọjọ́ kejì ó ní amọ̀ tó ti apá òsì àlàpà wá ń lẹ̀ jù, ó nílò yanrìn, ti apá ọ̀tún ni kò nílò. A gbìyànjú rẹ̀. A fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n, à ń wọ́n omi sí wọn ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kò sí ọ̀kan tó sán. Nígbà tí bíríkìlà dé, ó gbé búlọ́ọ̀kù kan sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì béèrè pé ta ló po èyí. Láti ọjọ́ náà, kò tún pò ó láì kọ́kọ́ pe ìyàwó Ẹ̀gbọ́n kó wá wò ó.

A gbé ìpìlẹ̀ tuntun sórí òkúta títí ó fi tó orúnkún. A fa páànù jáde títí tí ẹni méjì fi lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ nínú òjò. Níwájú, a ha sìmẹ́ńtì àtijọ́ dà nù, a sì fi amọ̀ kíkúnná rẹ́ ẹ.

Ibi tí ó ti fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ ni àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ògiri ìjà wà tẹ́lẹ̀. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀kùn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo wa lára. Màmá Àgbà ní tí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn síbẹ̀, òun ò ní padà sẹ́yìn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

“Màmá, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nínú ilé yìí,” ó ní. “Mo kàn fẹ́ ibi tí mo lè ti ilẹ̀kùn, kí n sì wà pẹ̀lú ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.”

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Nínú ilé wa àtijọ́, ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ti wà lójú gbogbo ayé. Màmá mi ló wá sọ pé kí wọ́n fún un ní ohun tó fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta la fi bá ọ̀rọ̀ náà yí, kí bíríkìlà tó fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún wa. Ó ní dípò ilẹ̀kùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ká lu àárín yàrá méjì-méjì, kí ó di yàrá àti pálọ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo wa. Ohun tí a ṣe nìyẹn. Yàrá mẹ́wàá di ojúlé mẹ́rin, yàrá kan tó ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún di ilé ìdáná, èyí tó ṣẹ́ kù lósì di ilé ìgbẹ́.

A pàdánù nǹkan níbẹ̀. Àwọn ẹbí tó máa ń ti oko wá sùn ní yàrá òfìfo ò ní yàrá mọ́. Àwọn ọmọ ò tún tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n jọ sùn, kálukú wà nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àwo oúnjẹ tó máa ń lọ láti yàrá dé yàrá ti dínkù. Nígbà mìíràn mo máa ń wà nínú ojúlé tèmi láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí mi ò rí ẹnikẹ́ni, mi ò sì mọ̀ bóyá inú mi dùn sí i tàbí kò dùn. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ò jáde sínú òjò mọ́ kó tó tọ̀, ojú ìyàwó Ẹ̀gbọ́n kò pọ́n mọ́, ọmọ mi sì ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ní ọjọ́ kejì Iléyá ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó wá. A ò tíì kan páànù iwájú tán nígbà náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dé kànga. Ó rìn wọlé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ògiri bó ṣe ń lọ. Ooru mú níta ní ọjọ́ náà, inú ilé sì tutù. Ẹ̀gbọ́n jáde láti ẹ̀yìn, amọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kàn dúró. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ kí i, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Àkọ́bí bàbá wa fa ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa fi kan aṣọ funfun rẹ̀, ó ní kó dìde, kó wá jẹun. Ó sì jẹun lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó bọ́ aṣọ ọdún rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò ọmọ Ẹ̀gbọ́n, ó gun àkàbà lọ bá káfíńtà. Mo ń na ìṣó sí wọn láti ìsàlẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Mi ò rò pé ẹ lè ṣe é.”

Mo ní, “Àwa náà ò rò bẹ́ẹ̀.”

Àkókò òjò méjì ti kọjá lórí ilé náà báyìí. Ibì kan sán díẹ̀ níwájú, a pò amọ̀, a dí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó parí. Àwọn ìyá wa méjèèjì ń jà lórí rédíò, ọ̀kan ń fẹ́ wáàsí, èkejì ń fẹ́ ìròyìn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìyàwó Ẹ̀gbọ́n. Ìdílé kan ní òpópónà kejì sí tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá a, àwọn tí ògiri wọn ti ń tẹ̀, tí wọ́n sì ti fẹ́ wó o. Ó lọ, ó bu amọ̀ wọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i, ó sọ fún wọn iye yanrìn tí wọn yóò fi sí i. Wọ́n mọ ọ́n, ó dúró. Bíríkìlà ti Ìlárá fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní òun yóò máa wá bá a níbẹ̀ bí iṣẹ́ bá yọjú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn obìnrin méjì wá láti Ìgbógìlà, wọ́n di amọ̀ ilé wọn sínú ọ̀rá, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ìyàwó Ẹ̀gbọ́n bá àwọn wò ó. Ó bu omi sí i, ó yí i. Ó ní ilé wọn lòun fẹ́ rí, pé amọ̀ inú ọ̀rá kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ó bi mí bóyá mo ráyè láti bá òun lọ ní Sátidé. Mo ní mo ráyè.